Ẹ́ àti ọ̀ di àpótí nígbà títẹ̀

Ọmọ Tanke: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwé ìpè ìgbéyàwó tí mo fi Word ṣe dára lórí kọ̀ǹpútà mi. Ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé, lẹ́tà ẹ́ àti ọ̀ di àpótí kékeré, ìlà méjì sì já sójú ewé kejì. Kí ló fà á?

Atẹ̀wé Ọ̀fà: Fọ́ǹtì yín (irú ìrísí lẹ́tà tí ẹ lò) kò sí lórí kọ̀ǹpútà tiwọn, Word fi òmíràn tí lẹ́tà rẹ̀ fẹ̀ jù dípò. Nínú Word, ẹ lọ sí File, Options, Save, kí ẹ fàmì sí “Embed fonts in the file”, kí fọ́ǹtì lè bá fáìlì lọ. PDF ló dáa jù, ní tèmi.

Gáà Àkànbí: Àpótí lè wà síbẹ̀ o. Lẹ́tà ọ̀ kò ní kóòdù kan ṣoṣo ní Unicode (ètò àgbáyé tó ń fún lẹ́tà ní kóòdù): fọ́ǹtì ló ń gbé àmì ohùn lé lẹ́tà “ọ” lórí, ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì ọ̀ṣọ́ kò sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ lo fọ́ǹtì Charis SIL. Bí PDF bá ṣì dàrú, nínú Adobe Acrobat Reader: Print, Advanced, “Print As Image”. Á lọ́ra díẹ̀.