Ta ló rántí Yinka Dare nígbà tó ṣì wà ní yunifásítì?

KóòṣìÒde

Ẹ̀yin ọmọ Alárè, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ kan ní básíkẹ́ẹ̀tì níbí, ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí wọ́n bá ti ti ilé ìwé dé. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn gba bọ́ọ̀lù lábẹ́ àwọ̀n, ó há a mọ́yà, kò fún ẹnikẹ́ni. Ni àwọn yòókù bá figbe ta: "Yinka Dare! Yinka Dare!" Wọ́n ń rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n jókòó sílẹ̀. Mo ní ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Wọ́n fi fídíò kan hàn mí lórí fóònù, àwọn òyìnbó ló ń ka orúkọ àwọn tí wọ́n ní kò mọ bọ́ọ̀lù gbá rí nínú NBA, líìgì básíkẹ́ẹ̀tì ńlá Amẹ́ríkà.

Ọmọ Yorùbá ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ yìí o. 1996 ni wọ́n bí mi, mi ò bá a láyé bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹgbẹ́ New Jersey Nets mú ṣìkẹrìnlá nínú gbogbo àwọn ọmọ tuntun tí NBA yàn lọ́dún 1994, ó ní láti ní ohun tí wọ́n rí lára rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìgbà tó wà ní yunifásítì George Washington, ẹ jọ̀ọ́, irú agbábọ́ọ̀lù wo ni?

Lékan_Igbó

Kóòṣì, ẹ má bínú, nọ́ńbà kì í parọ́. Eré 110 ló gbá ní NBA. Ìgbà 4 péré ló fi bọ́ọ̀lù lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ tí onítọ̀hún fi jù ú wọlé. Mẹ́rin, nínú 110! Ìyá oní-gàárì àdúgbò wa ń fi èènì síni jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bọ̀ọ̀dáMákùn

Lékan, o pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n jókòó.

Lọ́dún 1993, OSU Àgọ́-Ìwòyè ni mo wà. Àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀, kálukú di ẹrù rẹ̀, èmi náà padà sílé wa ní Mákùn, Ṣàgámù. Ẹ̀gbọ́n mi ń wa takisí ní Washington nígbà yẹn. Ó fi kásẹ́ẹ̀tì fídíò kan rán ẹnì kan tó ń bọ̀ wálé. Fíìmù la pè é. Àṣé eré básíkẹ́ẹ̀tì yunifásítì George Washington àti ti Michigan ni. Ara kásẹ́ẹ̀tì náà ló fi báírò kọ "Yinka, ọmọ wa" sí. Ẹ̀gbọ́n mi ò mọ̀ ọ́n rí o. Takisí ló ń wà, orúkọ yẹn ló gbọ́ lórí rédíò ọkọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ lo fídíò ayé ìgbà yẹn mọ̀ pé kásẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà àti ẹ̀rọ tiwa kì í gbọ́ra wọn yé. Dúdú àti funfun ló gbé jáde, àwòrán sì ń yí láti òkè bọ̀ wálẹ̀. Bàbá mi lu ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n títí. A ò lè ka nọ́ńbà ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n a mọ Yinka, torí ẹsẹ̀ bàtà méje ni gíga rẹ̀.

Kì í sáré kiri. Á rọra rìn wá sídìí àwọ̀n, á fi ẹ̀yìn ti ẹni tó ń ṣọ́ ọ, á na ọwọ́ kan sókè. Tí bọ́ọ̀lù bá ti bọ́ sọ́wọ́ yẹn, èjìká rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń yí, lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀. Àwọn tó sì ń bá a du ibẹ̀ kì í ṣe ọmọdé: Chris Webber àti Juwan Howard ni! Michigan yẹn làwọn ọmọ márùn-ún tí wọ́n jọ wọlé lọ́dún kan náà, àwọn tó ń wọ ṣòkòtò gbàgẹ̀rẹ̀ àti ìbọ̀sẹ̀ dúdú. Jalen Rose wà níbẹ̀, King àti Jackson náà.

Ẹ má sì gbàgbé pé ọdún àkọ́kọ́ Yinka ní yunifásítì nìyẹn. Ipò 12 ni wọ́n to George Washington sí ní agbègbè tiwọn nínú NCAA, ìdíje àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà. Ta ló kà wọ́n sí? Wọ́n na New Mexico tó wà ní ipò 5, wọ́n na Southern, ó wá ku ẹgbẹ́ 16 ní gbogbo Amẹ́ríkà. Seattle ni Michigan ti dá wọn dúró, 72 sí 64. Àmì ayò mẹ́jọ péré, Michigan tó padà dé àṣekágbá!

Ní ti ìgbà 4 tí Lékan ń kà: láyé yẹn, iṣẹ́ ẹni gíga ò pọ̀. Dúró sídìí àwọ̀n, gbà á, jù ú, já èyí tó bá ta padà. Bí ó bá tún gbé e síta lẹ́yìn tí wọ́n ti làágùn gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kóòṣì ni yóò kọ́kọ́ pariwo lé e lórí. Lóòótọ́, NBA gbọ́n ju ìyẹn lọ, àwọn méjì ló ń dìde bò ó lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì rí ọ̀nà àbáyọ. Mi ò sọ pé ó ṣe dáadáa níbẹ̀. Ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀, ìṣẹ́jú 3 nínú eré kan ṣoṣo ló gbá kí orúnkún tó dá a dúró.

Oṣù kẹfà 1994 tí wọ́n mú un, ẹ ò lè mọ bó ṣe rí lára wa. Ọjọ́ 21, Yẹkínì gbá bọ́ọ̀lù wọlé Bulgaria, ó di àwọ̀n mú, ó ń ké. Ọjọ́ 22, Hakeem Ọlájùwọ́n àti Houston gba ife NBA mọ́ New York lọ́wọ́. Ọjọ́ 23, wọ́n mú M.K.O. Ọjọ́ 29, wọ́n pe Jalen Rose ṣìkẹtàlá, ẹni tí wọ́n pè tẹ̀ lé e ni Yinka. A ò tiẹ̀ mọ èyí tí à bá yọ̀ sí mọ́. Kò pẹ́ sígbà yẹn tí àwọn òṣìṣẹ́ epo náà daṣẹ́ sílẹ̀. Àwa tí Mósímì, ibùdó epo, wà nítòsí wa, a ò rí epo rà!

Nọ́ọ̀sìÌperu

Bọ̀ọ̀dá, ẹ ṣeun. New Jersey ni mo ti ṣe nọ́ọ̀sì kí n tó padà sí Ìperu. Ọjọ́ 9 oṣù kìíní 2004 ni Yinka kú ní Englewood níbẹ̀. Ọkàn ni. Ọmọ ọdún 31.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnì kan kún un. Hank Gathers, yunifásítì Loyola Marymount, ọkàn ló pa òun náà. Sáà 1988 sí 1989, òun ló ju bọ́ọ̀lù wọlé jù ní gbogbo yunifásítì ńlá Amẹ́ríkà, òun náà ló tún já èyí tó ta padà jù. Ó dá kú lórí pápá ní oṣù kejìlá 1989, wọ́n fún un ní oògùn, ó padà sí pápá. Oṣù kẹta 1990 ó tún ṣubú, kò dìde mọ́. Ọmọ ọdún 23. Bo Kimble, ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí kì í ṣe ọlọ́wọ́ òsì, wá ń fi ọwọ́ òsì ju bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ àkọ́kọ́ nínú eré kọ̀ọ̀kan ní ìrántí rẹ̀, ó sì ń wọlé.

Kò sẹ́ni tó ń fi Gathers rẹ́rìn-ín, torí kò dé NBA rárá. Yinka débẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ nìyẹn.

Kóòṣì, àwọn ọmọ tí ẹ ń kọ́ ńkọ́? Tí ọ̀kan bá ń ṣubú lójijì lórí eré, ẹ má sọ pé oòrùn ló pa á. Ẹ gbé e lọ kí dókítà gbọ́ ọkàn rẹ̀, kó tó tún fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù.

KóòṣìÒde

Àǹtí, mo dúpẹ́. Ọ̀kan wà tó máa ń sọ pé àyà ń já òun. Ìyá rẹ̀ ni màá kọ́kọ́ pè lálẹ́ yìí.

Bọ̀ọ̀dá, kásẹ́ẹ̀tì yẹn ṣì wà?

Lékan_Igbó

Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ o. Ṣùgbọ́n mẹ́rin ṣì ni.

Bọ̀ọ̀dáMákùn

Mẹ́rin ni, a ò jiyàn. Kásẹ́ẹ̀tì wà nínú àpótí ìyá mi, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń gbé e ni kò sí mọ́. Lékan, ìwọ tí ẹnu rẹ mú, wá ẹ̀rọ náà rí ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Tí o bá rí i, gbé e wá sí Mákùn, kóòṣì á kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá.