Ère irin n'Ìbàdàn, ère irin létí òkun: kí ló ń jẹ ẹ́?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ère, Ṣàngó: Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ère irin tí wọ́n jó níhìn-ín n'Ìbàdàn lè dúró ní gbangba pẹ́ títí kó má ṣe é ní nǹkan. Ṣùgbọ́n tí irú rẹ̀ bá dé Badagry tàbí Lẹ́kí, ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọnà etí òkun, kì í pẹ́ tí ìpẹtà fi ń bò ó. Irin wo ló ń bá atẹ́gùn òkun gbé? Ọ̀dà wo ló ń ràn án lọ́wọ́?

Ajórin Agodi: Stainless 316. Èròjà molybdenum tó wà nínú rẹ̀ ló ń bá iyọ̀ jà. Stainless 304 ò ní in.

Ìyá Ọlọ́dà Mọ́kọ́lá: Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n 316 náà á pọ́n bí osùn tí ẹ bá fi dísìkì tó ti gé irin lásán gé e. Ẹ̀rún irin tó kù lára dísìkì yẹn á lẹ̀ mọ́ stainless, òun ló ń kọ́kọ́ dípẹtà. Ẹ ya dísìkì stainless sọ́tọ̀, ẹ ya búrọ́ọ̀ṣì onírin rẹ̀ náà sọ́tọ̀. Tí ẹ bá sì fẹ́ jó o mọ́ irin lásán, ọ̀pá ìjórin 309L ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe 6013 tí a fi ń jó irin lásán.

Wẹ́dà Ìwó Road: Gbogbo wa ń pariwo irin àti ọ̀dà, a ò sọ̀rọ̀ bí ère ṣe rí. Ẹ lọ wo ère tó ti bàjẹ́ létí òkun dáadáa. Ẹ má wo àyà rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ wo abẹ́ apá, abẹ́ àgbọ̀n, ẹ̀yìn etí, abẹ́ ìtẹ́lẹ̀ tó dúró lé. Ibẹ̀ ni ọ̀dà ti ń wú bí ara tí omi gbóná jó, tí ẹ bá fi èékánná họ ọ́, á ṣí kúrò pẹ̀lú ìpẹtà lẹ́yìn. Ibi tí òjò ò dé ni. Òjò ń fọ iyọ̀ kúrò lórí àti lẹ́yìn ère, ṣùgbọ́n iyọ̀ tó bà sábẹ́ apá ò rẹ́ni fọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ iyọ̀ ń fa omi látinú afẹ́fẹ́, irin ò wá ní gbẹ níbẹ̀. Ohun kejì ni ojú ìjórin. Ẹni tó bá kàn fi iná tọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, tó fi àlàfo sáàárín, ti kọ́ ilé fún iyọ̀. Ẹ jó o yípo kó pa dé. Páìpù tó bá ṣófo, ẹ dí i pátápátá, àbí kẹ́ ẹ lu ihò bíi mílímítà 10 sí ibi tó rẹlẹ̀ jù kí omi lè jáde.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ère, Ṣàngó: Irin Corten ńkọ́, èyí tó ń fi ìpẹtà ara rẹ̀ bora?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ Ọjà'ba: Ìyẹn fẹ́ kí òun máa rẹ kí òun sì máa gbẹ. Iyọ̀ kì í jẹ́ kí awọ ìpẹtà yẹn dì. Má gbé e lọ síbẹ̀.

Ìyá Ọlọ́dà Mọ́kọ́lá: Wẹ́dà ti sọ ojú abẹ níkòó. Ti ọ̀dà náà nìyí. Ọ̀dà ìpìlẹ̀ red oxide nìkan ò tó. Ẹ kọ́kọ́ fi omi tí kò níyọ̀ fọ irin, torí ẹni tó bá ń ha irin tí iyọ̀ wà lára rẹ̀ ń ti iyọ̀ wọnú ni. Lẹ́yìn náà ẹ ha á títí á fi funfun. Ẹ fi ẹ̀rọ yí gbogbo etí tó mú, nítorí ọ̀dà máa ń sá kúrò lórí etí, á sì fẹ́lẹ́ níbẹ̀. Ọ̀dà epoxy onísíǹkì ló kàn. Etí àti ojú ìjórin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn, kẹ́ ẹ tó kun gbogbo ara. Epoxy míràn lé e, polyurethane wá gbẹ̀yìn nítorí oòrùn. Ẹ má kun ún láàárọ̀ kùtùkùtù tí irin ṣì ń làágùn.

Ajórin Agodi: Ẹ ò kúkú rì í sínú síǹkì gbígbóná, kó tán?

Wẹ́dà Ìwó Road: Ó dáa gan-an ni, bí ihò bá wà. Síǹkì yẹn gbóná tó 450°C. Páìpù tó dí pa, tí omi tàbí afẹ́fẹ́ há sínú rẹ̀, bíbẹ́ ló ń bẹ́. Ère tó bá ń lọ síbẹ̀, ẹ má dí i, ihò ló ń fẹ́.

Ajórin Agodi: Ẹni tó bá wá fẹ́ jórin lé síǹkì, kó ra mílíìkì sílẹ̀ nítorí èéfín.

Nọ́ọ̀sì Ìdíkàn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Inú ikùn ni mílíìkì ń lọ, inú ẹ̀dọ̀fóró ni èéfín ń lọ. Wọn ò pàdé. Síǹkì ń hó ní 907°C, iná ìjórin sì ju ìyẹn lọ fíìfíì. Ẹni tó bá fà á símú á máa gbọ̀n ní wákàtí mélòó kan sí i, ibà á dé, ẹnu rẹ̀ á máa ta bí irin. Ó máa ń lọ láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ṣùgbọ́n tí èémí bá ń há, ilé ìwòsàn ni.

Ajórin Agodi: Àwọn bàbá wa mu mílíìkì o.

Nọ́ọ̀sì Ìdíkàn: Ẹ mu ún, oúnjẹ ni. Ẹ má pè é ní oògùn.

Wẹ́dà Ìwó Road: Ẹ ha síǹkì kúrò ní bíi sẹ̀ǹtímítà 5 lọ́tùn-ún lósì ibi tẹ́ ẹ fẹ́ jó. Ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn máa gba ẹ̀gbẹ́ yín kọjá, ẹ sì wọ ìbòmú tó ń sẹ́ èéfín irin.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ Ọjà'ba: Bí a ti ń sọ̀rọ̀ ewu, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra kọ̀ndẹ́mù ní Agodi Gate, ẹ ṣọ́ra fún ṣọ́ọ̀kì ọkọ̀. Gáàsì wà nínú òmíràn. Ẹ lu ihò sí i kí iná tó kàn án, kẹ́ ẹ rọra lu ú, kẹ́ ẹ kọjú sí ẹ̀gbẹ́. Irin sípíríǹgì náà le. Tí ẹ kò bá kọ́kọ́ yá a níná, á là lẹ́bàá ojú ìjórin nígbà tó bá tutù.

Onídẹ Bẹẹrẹ: Ẹ ò tiẹ̀ dárúkọ bàbà àti idẹ. Àwọ̀ ewé tó ń bò wọ́n létí òkun, ààbò ni. Asiru Olatunde ará Òṣogbo, ọmọ alágbẹ̀dẹ, bàbà àti alumíníọ̀mù pẹlẹbẹ ló máa ń lù nígbà ayé rẹ̀. Kò sí ojú ìjórin tí iyọ̀ máa wọ̀.

Wẹ́dà Ìwó Road: Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí bàbà àti alumíníọ̀mù fara kan ara wọn níbẹ̀. Alumíníọ̀mù ni yóò jẹrà tán.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ère, Ṣàngó: Bóòtù ìdí ère wá ńkọ́?

Wẹ́dà Ìwó Road: 316, pẹ̀lú wáṣà ọ̀rá àti ike yí ara bóòtù ká, kó má kan irin lásán. Kẹ́ ẹ sọ fún ẹni tó rà á kó máa fi omi fọ ère lóṣooṣù, abẹ́ apá ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Onídẹ Bẹẹrẹ: Omi kànga etí òkun? Ṣé kò níyọ̀?

Wẹ́dà Ìwó Road: Kó tọ́ ọ wò kó tó dà á.