Ẹ gbà mí o, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀kadà mi ń ké, mẹkáníìkì sì ti jẹ owó mi

Bàbá Rukayat: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Inú ń bí mi gan-an. Mẹkáníìkì kan ní títì Tàíwò, n'Ílọrin, gbowó lọ́wọ́ mi pé òun á fi ọ́ìlì sí ẹ̀yìn ọ̀kadà mi. Láti àárọ̀ ló ti pa mí jókòó títí wọ́n fi pe ìrun alásárì. Ó ń jẹ wàrà, ó ń dáhùn fóònù, ó ń bú ọmọṣẹ́. Kí n tó dé Gáráájì Ọ̀fà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti ń ké. Tí mo bá fún un níná, á kọ́kọ́ dún "gbàkà" kó tó lọ. Ìyàwó mi ní kí n tà á. Ẹ̀gbọ́n mi ní Àjàṣẹ́ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣé kí n mú ọlọ́pàá lọ bá ọkùnrin yìí ni?

Ọmọ Ọ̀fà: Ṣéènì ló dẹ̀. Ẹ fà á le, kí ẹ fi ọ́ìlì pa á.

Ìyá Sófíà: Ṣéènì ni o. Ti ọmọ mi já lọ́nà Ọ̀mù-Àrán pẹ̀lú ẹrù ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn, inú igbó ló sùn mọ́jú. Mo ti ní kó má ra ọ̀kadà yẹn, kò gbọ́.

Alfa Gàá: Ẹ yẹ ṣéènì wò.

Ọ̀gá Jímọ̀: Ẹ ní sùúrù ná. Ọ̀kadà wo ni?

Bàbá Rukayat: Ta ló ní ó ní ṣéènì? Honda ST1100 tòkúnbọ̀ ni, ṣáàfù, ọ̀pá irin, ló ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn.

Ọmọ Ọ̀fà: Níbo lẹ ti sọ ọ́, bàbá?

Ọ̀gá Jímọ̀: Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ nìyẹn. Ibi méjì la ti ń fi nǹkan sí i. Dífù ẹ̀yìn, ìyẹn ilé gíà tí ṣáàfù fi ń yí ẹsẹ̀, ń mu ọ́ìlì gíà, 80W-90 tí wọ́n kọ GL-5 sí lára. Kò ju bíi 130 mílílítà lọ. Ẹ máa gbé ọ̀kadà nàró sórí ìdúró rẹ̀ ńlá, kí ọ́ìlì ga dé etí ihò tí ẹ ń gbà dà á. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì yẹn kì í dé ibi tí eyín irin àárín ẹsẹ̀ ti wọnú eyín dífù. Gíríìsì dúdú tó ní èròjà tí wọ́n ń pè ní molybdenum ni ibẹ̀ ń fẹ́. Honda ní kí molybdenum rẹ̀ ju ìdá 40 nínú 100 lọ. Gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá ti kúrò lẹ ó tún un fi. Ṣé ó yọ ẹsẹ̀?

Bàbá Rukayat: Kò yọ ọ́. Ó kàn da ọ́ìlì nù, ó sì fi síríńjì fa tuntun sí i.

Alfa Gàá: Gíríìsì ni gíríìsì ń jẹ́. Ti bẹ́ríìnì, aláwọ̀ ìyeyè yẹn, lèmi ń lò.

Ọ̀gá Jímọ̀: Alfa, ṣéènì ni tiyín ní. Gíríìsì yẹn kò ní dúró lójú eyín, ó sì lè ta sára bíréèkì.

Alfa Gàá: Ìwọ nìkan lo mọ iṣẹ́, mo gbọ́.

Bàbá Rukayat: Ẹ má bá ara yín jà, mẹkáníìkì yẹn ni ká bá wí. Ọmọ fọkanáísà tó pààrọ̀ táyà ẹ̀yìn ṣáájú Iléyá mọṣẹ́ jù ú lọ. Ọra dúdú kan lẹ̀ mọ́ eyín àárín ẹsẹ̀, ó fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán. Mo tiẹ̀ fún un lówó ọtí ẹlẹ́rìndòdò.

Ọ̀gá Jímọ̀: Bàbá Rukayat! Ọra dúdú yẹn gan-an ni mò ń sọ! Láti ṣáájú Iléyá ni irin ti ń jẹ irin. Ẹ má gùn ún mọ́, ẹ yọ ẹsẹ̀. Tí ẹ bá rí ìyẹ̀fun pupa, ìpẹtà ni. Tí orí eyín bá ṣì fẹ̀, ẹ nù ún, kí ẹ fi gíríìsì tó yẹ sí i. Tó bá ti mú bí ayùn, gíríìsì ò ṣe nǹkan kan mọ́.

Ìyá Sófíà: Ṣé mo wí? Ẹ tà á.

Bàbá Rukayat: Ẹ wá fẹ́ dá mẹkáníìkì láre nìyẹn? Ṣéńjì mi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ o.

Bàbá Rukayat: Mo ti yọ ọ́. Ìyẹ̀fun pupa dà sórí ìwé ìròyìn. Eyín ti ẹsẹ̀ ti mú ṣóńṣó, ti dífù ṣì fẹ̀ díẹ̀. Ṣé kí n ra ti ẹsẹ̀ nìkan?

Ọ̀gá Jímọ̀: Ẹ ya fọ́tò méjèèjì kí n rí i ná. Tí ti dífù náà bá ti jẹ, á tètè ba tuntun jẹ́.