Ṣé "ìṣojú" ni àbí "ìyọjú"?

Ẹ̀yin àgbà èdè, mo kí yín o. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìwé lórí ìpolówó kẹ̀kẹ́ ní ká bá òun wo ọ̀rọ̀ méjì: "ìyàtọ̀ àwọ̀", pé kí dúdú, funfun àti pupa jọ wà níbẹ̀, àti "ìṣojú", pé kí èèyàn rí irú ara rẹ̀ nínú àwòrán ọjà. Mi ò ní pẹ́ lórí ti àkọ́kọ́. "Ìyàtọ̀" sún mọ́ ìyàsọ́tọ̀ jù. "Onírúurú àwọ̀" ti tó.

"Ìṣojú" ni mi ò gbà. Aṣojú lẹni táwọn èèyàn rán níṣẹ́, tó lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbi tó lọ. Bí a bá sì ní "ó ṣojú mi kòró", ẹni tó wà níbẹ̀ là ń wí. Ìwé ọjà ilé ìtajà kẹ̀kẹ́ kan ládùúgbò mi ní Lọ́ńdọ̀nù ló wà níwájú mi yìí. Èèyàn méjìlá, dúdú kan ṣoṣo, ojú ewé tó kẹ́yìn ni wọ́n fi í sí. Kò gun kẹ̀kẹ́, ó kàn di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà mú ni. Kò tilẹ̀ so okùn akoto. Ta ló rán ọ̀gbẹ́ni yìí? Ìyọjú lèyí: ó yọjú, ó ti wọlé padà.

Ẹ wo Major Taylor, dúdú Amẹ́ríkà tó ń fi kẹ̀kẹ́ sáré. Ní 1894, League of American Wheelmen, ẹgbẹ́ àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ní Amẹ́ríkà, ní dúdú kankan ò gbọdọ̀ ṣọmọ ẹgbẹ́ àwọn. Ní 1899, ó borí gbogbo ayé nínú eré kẹ̀kẹ́ ní Montreal. (Ọdún 1999 lẹgbẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ́gi lé òfin yẹn, ẹ gbà mí!) Ní 2018, Hennessy fi ìtàn rẹ̀ polówó ọtí. Ẹni tó ti kú láti 1932, báwo ló ṣe fẹ́ bá wọn dúnàá-dúrà? Ìyẹn náà kì í ṣe ìṣojú.

Ti Biniam Girmay, ọmọ Eritrea, yàtọ̀. Ó borí nínú ìpele mẹ́ta nínú eré kẹ̀kẹ́ Tour de France 2024, ó sì gba aṣọ aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń fún ẹni tó gba máàkì jù, àwọn ará ìlú rẹ̀ ń ju àsíá létí títì. Wọ́n mọ̀ ọ́n ní tiwọn. Aṣojú nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ibo gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde nínú ìwé yín? Bó bá jẹ́ àwọn tó ń jókòó yan àwòrán lọ́fíìsì ni wọ́n ń sọ, mo fara mọ́ "ìṣojú" níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ti inú àwòrán, ẹ kọ "ìyọjú".