Wọn ìlò sáfà kí o tó kó o lọ sí cloud

Àkànní: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Níbi iṣẹ́ mi, wọ́n fẹ́ ti datacenter wa (ilé tí a kó sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń bá ilé iṣẹ́ ṣiṣẹ́, sí) pa, kí gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ lọ sórí cloud, ìyẹn sáfà ẹlòmíràn tí a máa ń yá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, èmi ni wọ́n sì gbé e lé lọ́wọ́. Sáfà bíi 60 ni, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló kàn jókòó láti àárọ̀ dalẹ́. Àwọn ọ̀gá ń retí kí owó dínkù. Àmọ́ nígbà tí mo fi CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) àti mẹ́mọ́rì tó wà lára wọn ṣírò rẹ̀ lọ́dọ̀ AWS, cloud Amazon, iye tó jáde ju èyí tí à ń ná báyìí lọ. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tó ti ṣe irú ẹ̀ rí, ẹ là mí lóye, ẹ jọ̀ọ́.

Bàbá Ìbejì: Àkànní, o ṣeun tí o béèrè kí o tó gbéra. Iye tó wà lára irin, ìyẹn sáfà fúnra rẹ̀, kọ́ ni o máa gbé lọ, iye tí iṣẹ́ ń lò ni.

Ẹni tó ń ra sáfà tó máa lò fún ọdún 3 sí 5 gbọ́dọ̀ ra èyí tó máa gba ọjọ́ tí iṣẹ́ pọ̀ jù lọ ní ọdún tó kẹ́yìn, á tún fi díẹ̀ lé e, torí bí kò bá tó, kò sí bó ṣe máa rí òmíràn gbà lọ́jọ́ kejì. Ibẹ̀ ni àṣejù náà ti wá. Ní ọdún 2007, Barroso àti Hölzle ti Google kọ̀wé pé ìdá 10 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún agbára sáfà wọn ni ọ̀pọ̀ ìgbà ń ṣiṣẹ́, àti pé sáfà tí kò ṣe nǹkan kan pàápàá ṣì ń jẹ nǹkan bí ìdajì iná tó máa jẹ nígbà tó bá ń sáré dópin. Lórí cloud, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ lo máa rí sí i gbà. Bí o bá wá gbé ìwọ̀n àtijọ́ lọ, owó ọdún karùn-ún lò ń san láti oṣù kìíní yẹn.

Nítorí náà, wọn ọ́n. Kó àkọsílẹ̀ CPU, mẹ́mọ́rì, díìsìkì àti nẹ́tíwọ̀kì jọ fún oṣù kan ó kéré tán, kí òpin oṣù wà nínú ẹ̀. Má gbẹ́kẹ̀ lé average (ìpíndọ́gba). Sáfà tí average rẹ̀ jẹ́ 8% lè máa gùn dé 90% fún wákàtí kan lóru nígbà tí wọ́n bá ń ṣe àkópọ̀ ìṣirò. P95 tí gbogbo ayé ń wò, ìyẹn iye tí ìlò kì í kọjá nínú ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò, gan-an lè fò ó, torí wákàtí kan nínú 24 kò tó ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Wo góńgó rẹ̀ lọ́tọ̀, kí o sì bi àwọn tó ni iṣẹ́ náà léèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní wákàtí yẹn. Bí iṣẹ́ òru yẹn bá lè pẹ́ díẹ̀ sí i láìpa ẹnikẹ́ni lára, o ò nílò sáfà ńlá nítorí ẹ̀.

Àdùkẹ́: Ẹ ṣeun, Bàbá Ìbejì. Bọ̀dá Àkànní, ẹ ṣọ́ mẹ́mọ́rì o. Bí ẹ bá dé AWS, CloudWatch, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣọ́ ìlò níbẹ̀, kì í fi ìlò mẹ́mọ́rì EC2 (sáfà tí AWS ń yáni) hàn yín àfi tí ẹ bá fi agent rẹ̀, sọ́fítíwè kékeré kan, sínú sáfà. Àwọn èèyàn á rí i pé ìlò CPU kéré, wọ́n á gé sáfà sí ìdajì, database (sọ́fítíwè tó ń tọ́jú dátà) á sì ṣubú. Bẹ́ẹ̀ náà ni database sábà máa ń gba gbogbo mẹ́mọ́rì tó bá rí fi ṣe cache (ibi tó ń kó dátà sí kó lè tètè rí i), kò túmọ̀ sí pé gbogbo rẹ̀ ló nílò. Ẹ dín in kù díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa wo bó ṣe ń ka nǹkan láti inú díìsìkì tó.

Lórí díìsìkì: gp2, irú díìsìkì AWS àtijọ́ kan, ń fúnni ní IOPS (iye ìgbà tó lè kà tàbí kọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan) 3 fún GB kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó fẹ́ 3,000 á ra 1,000 GB bí fáìlì rẹ̀ ò tilẹ̀ ju 80 lọ. Láti oṣù Kejìlá 2020 ni gp3, àrọ́pò rẹ̀, ti wà, tó ń fúnni ní 3,000 yẹn láìka bí díìsìkì ṣe kéré tó. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí gp2 fún yín.

Àkànní: Mo dúpẹ́ gan-an ni. Àwọn sáfà tí wọ́n fi ń dán sọ́fítíwè wò ńkọ́? Àti Savings Plan, ẹ̀dínwó tí AWS ń fúnni bí a bá jẹ́jẹ̀ẹ́ láti máa san iye kan, ṣé kí n rà á lójú ẹsẹ̀?

Bàbá Ìbejì: Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀. Bí wọ́n bá ń lo sáfà ìdánwò fún wákàtí 10 lójúmọ́, ọjọ́ 5, 50 péré nìyẹn. Pa á ní ìyókù, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ ti kúrò nílẹ̀, àmọ́ wọ́n á ṣì máa ka owó díìsìkì. Bó bá jẹ́ Azure, cloud Microsoft, pípa á láti inú Windows tàbí Linux kò tó, wọ́n á ṣì máa ka owó títí tí o fi máa ṣe deallocate rẹ̀, ìyẹn kí o dá a padà fún Azure.

Savings Plan, rárá o, kò tíì yá. Ọdún 1 tàbí 3 ni ẹ̀jẹ́ rẹ̀. Dín ìwọ̀n kù ná, lò ó fún oṣù méjì mẹ́ta, kí o wá fi rà á fún ìpín tí kì í yẹ̀ tọ̀sán tòru nìkan. Ẹni tó bá rà á ṣáájú ti so ara rẹ̀ mọ́ àṣejù kan náà.

Ọláyínká: Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe gbogbo nǹkan ló yẹ kó lọ. Iṣẹ́ tó ń sáré dópin tọ̀sán tòru, tí ẹ sì mọ ìwọ̀n rẹ̀ dáadáa, kò ní àṣejù tí cloud máa gé. Dropbox, ilé iṣẹ́ tó ń bá àwọn èèyàn tọ́jú fáìlì, kéde ní 2016 pé àwọn ti kó èyí tó pọ̀ jù nínú fáìlì àwọn oníbàárà kúrò ní AWS lọ sórí irin tiwọn. Ẹ tún ṣírò owó dátà tó ń jáde, torí èyí tó ń wọlé kì í náni lówó, èyí tó ń jáde ló ń náni. Kí ẹ sì ka láísẹ́ǹsì (ìwé àṣẹ ìlò) database yín kí ẹ tó mú iye vCPU (CPU tí cloud ń yáni), torí iye core, ìyẹn ẹ̀yà CPU tó ń ṣiṣẹ́, ni owó ọ̀pọ̀ wọn ń tẹ̀ lé.

Àdùkẹ́: Ohun kan ṣì kù tó yẹ kó ṣáájú gbogbo èyí. Nínú 60 yẹn, ẹ wá àwọn tí kò sí ẹni tó ni wọ́n mọ́. Ẹ yọ wọ́n kúrò lórí nẹ́tíwọ̀kì, ẹ má tíì pa díìsìkì wọn rẹ́, kí ẹ dúró wo ẹni tó máa pariwo. Bí òpin ọdún ìṣirò bá ti sún mọ́lé, ẹ jẹ́ kó kọjá ná, torí àwọn kan wà tó jẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ láàárín ọdún.