Nọ́ọ̀bù ẹ̀rọ píọ̀ wọ́tà: ìgbà wo ló yẹ ká fọwọ́ kàn án?

Ìsọ̀kùn, Iléṣà

Ọwọ́ ẹni tó jókòó ti ẹ̀rọ ló sábà máa ń ba ìwọ̀n omi jẹ́. Ọ̀rá kan fúyẹ́, ó yí nọ́ọ̀bù tó ń díwọ̀n omi sókè. Òmíràn wú, ó tún yí i wálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí ẹ̀rọ tí omi rẹ̀ kì í yàtọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ń lé ìyàtọ̀ yẹn kiri, tiẹ̀ ló ń fi kún un. Látọdún 1924 ni ẹnjiníà kan, Walter Shewhart, ti gbé ọgbọ́n rẹ̀ kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà: ẹ ya ìlà ààlà sórí bébà, kí bébà máa sọ ìgbà tó yẹ ká dá sí ẹ̀rọ.

Ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ mú ọ̀rá 5 tó jáde tẹ̀ léra. Ẹ má ṣà á o! Ẹ nù ún gbẹ kó tó dé orí òṣùwọ̀n, torí omi tó lẹ̀ mọ́ ọ̀rá lára yóò purọ́ fún yín. Ẹ yọ ìwọ̀n ọ̀rá òfìfo kúrò. Gíráàmù 1 omi, mìlílítà 1 náà ni. Ẹ kọ ìpíndọ́gba àwọn 5 náà sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ àlàfo tó wà láàárín èyí tó wúwo jù àti èyí tó fúyẹ́ jù. Títí yóò fi pé ìgbà 20 sí 25, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nọ́ọ̀bù.

Ká ní ìpíndọ́gba gbogbo rẹ̀ jẹ́ mìlílítà 503, tí ti àlàfo jẹ́ 8. Ẹ fi 0.577 sọ 8 di púpọ̀, ó di 4.6. Ẹ fi 4.6 kún 503, kẹ́ ẹ sì tún yọ ọ́ kúrò nínú 503: ààlà òkè á jẹ́ 507.6, ti ìsàlẹ̀ 498.4. Ẹ ya ìlà méjèèjì sórí bébà, kí 503 jẹ́ ìlà àárín, kẹ́ ẹ sì máa fi àmì kan síbẹ̀ fún ìpíndọ́gba ìgbà kọ̀ọ̀kan. Àlàfo fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá 16.9 (8 lọ́nà 2.114). Ọ̀rá 5 nìkan ni 0.577 àti 2.114 wà fún. Bí àmì kan bá bọ́ síta, tàbí tí àmì 8 bá tò léra sí apá kan ìlà àárín, ẹ lọ wádìí. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ káwọ́ gbera.

Lágéré, Ifẹ̀

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀gbọ́n. Bí àmì 8 yẹn bá tò sí ìsàlẹ̀, táńkì òkè ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ̀rọ tó jẹ́ pé ìṣẹ́jú àáyá ló fi ń wọn omi, bí omi táńkì bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni agbára tó fi ń sọ̀ ń dín kù. Lórí bébà, á máa sọ̀ kalẹ̀ bí àtẹ̀gùn, á sì fò sókè lójijì nígbà tí wọ́n bá pọn omi kún un. Táńkì kékeré tó ní bọ́ọ̀lù, bíi ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ló ń wo ìyẹn sàn. Bó bá wá jẹ́ pé àlàfo ló ń fẹ̀ tí ìpíndọ́gba kò yẹsẹ̀, rọ́bà fáàfù ni kẹ́ ẹ fura sí: ó ti jẹ, tàbí ìdọ̀tí há a.

Modákẹ́kẹ́

Ẹ̀gbọ́n Ìsọ̀kùn, bí gbogbo àmì bá wà láàárín ààlà, ṣé kò ti sí ọ̀rá tí kò pé mìlílítà 500 tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ nìyẹn?

Ìsọ̀kùn, Iléṣà

Rárá o, àbúrò. Ìpíndọ́gba ọ̀rá 5 ni ààlà yẹn ń ṣọ́, kì í ṣe ọ̀rá kọ̀ọ̀kan. Pín àlàfo 8 yẹn sí 2.326 (nọ́ńbà ti ọ̀rá 5 náà nìyẹn), o rí 3.44, ìyẹn bí ọ̀rá kọ̀ọ̀kan ṣe sábà máa ń yà kúrò ní àárín; ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 10.3. Ìyẹn ni pé ọ̀rá kọ̀ọ̀kan lè wà láti 493 dé 513. Kí gbogbo wọn tó lè pé 500, àárín gbọ́dọ̀ gòkè dé bíi 510. Ṣùgbọ́n tó o bá tún táńkì àti fáàfù ṣe, tí àlàfo bọ́ sí 4, bíi 505 ti tó. Mìlílítà 5 tó o dá sí lórí ọ̀rá kan, lórí báàgì 1,000 tó ní ogún ọ̀rá, lítà 100 ni.