Ìkómọ ni àbúrò mi sọ, wọn ò kọ ọ́ sílẹ̀

Ìyá Ìbejì:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó. Mo ti ń ka ìrírí àwọn tí wọ́n ti àhámọ́ dé, ó wá ṣe mí bíi kí n sọ tiwa.

Fọkanáísà ni àbúrò mi. Lọ́dún 2017, àwọn kan já ọ̀kadà gbà lọ́wọ́ ẹnì kan lóru, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àbúrò mi. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ọlọ́pàá kó gbogbo ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n bá ní gáréèjì, wọ́n kó òun náà mọ́ wọn. Àwọn tí ẹbí wọn tètè dé rí béèlì gbà. Ìlọrin ni mo wà nígbà yẹn. Kí n tó dé, wọ́n ti kọ statement tán, ìyẹn ìwé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní ó sọ.

Alẹ́ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, ìlú Ọ̀yọ́ ni àbúrò mi sùn. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ fẹ́ kó ọmọ jáde lọ́jọ́ kejì. Àbúrò mi sọ ọ́ fún IPO, ọlọ́pàá tó ń wádìí ẹjọ́ náà, lálẹ́ àkọ́kọ́, ó dárúkọ ọ̀gá ẹ̀, ó júwe ilé. Yorùbá ló fi sọ ọ́, òyìnbó ni ọ̀gbẹ́ni yẹn ń kọ. Ìwé mẹ́fà péré ni àbúrò mi kà. Wọ́n ní tó bá ti tẹ̀ka, ilé ló kàn. Ó tẹ̀ka.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, yíǹkì búlúù yẹn ṣì wà lábẹ́ èékánná àtàǹpàkò ẹ̀. Bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ ló ń fi ìka náà nu ṣòkòtò, tó ń nù ún, tó ń nù ún.

Ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin ló lò lọ́gbà ẹ̀wọ̀n láàárín àwọn tí wọ́n ń pè ní awaiting, àwọn tí wọn ò tíì dá ẹjọ́ wọn. Nígbà tí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ gan-an, lọ́yà ọ̀fẹ́ láti Legal Aid Council ló dúró fún wa. Wọ́n ka statement náà, ojú ìwé méjì gbáko: òun àtàwọn ẹgbẹ́ òun, ìbọn tí wọ́n yọ, ibi tí wọ́n ta ọ̀kadà sí. Mo ń retí ibi tí wọ́n ti máa dárúkọ Ọ̀yọ́. Wọn ò dárúkọ ẹ̀. Ìkómọ ò sí níbẹ̀ rárá. Gbogbo ara mi tutù. Ká ní ó wà níbẹ̀ ni, ojúṣe ọlọ́pàá ni láti lọ wádìí ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí nínú ìwé, tí èèyàn wá dé kóòtù kó tó sọ ọ́, wọ́n á ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ronú ẹ̀ ni.

Lọ́yà bi IPO pé: "Èdè wo ló fi bá yín sọ̀rọ̀?" Ó ní Yorùbá. "Èyí tẹ́ ẹ kọ ní Yorùbá dà?" Kò sí. Adájọ́ bá dá ẹjọ́ ńlá dúró, ó kọ́kọ́ gbọ́ ti ìwé yẹn nìkan, bóyá ipá tàbí ìlérí ni wọ́n fi gbà á lẹ́nu ẹ̀. Ó da ìwé náà nù. Ọwọ́ wọn ṣófo lẹ́yìn ìyẹn. Ọ̀gá àbúrò mi mú fọ́tò ìkómọ wá, déètì wà nísàlẹ̀ ẹ̀ ní àwọ̀ pupa. Adájọ́ wò ó pẹ́. Wọ́n dá a sílẹ̀.

Bàbá Tápítà:
Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú. Tápítà kóòtù, ìyẹn ògbufọ̀, ni mí fún ọdún méjìlélógún. Láti 1960, nínú ẹjọ́ Zakwakwa, ni kóòtù àgbà ti sọ pé níbi tó bá ti ṣeé ṣe, èdè tí èèyàn fi sọ̀rọ̀ ni kí wọ́n fi kọ ọ́. Síbẹ̀, mo ti túmọ̀ statement padà fún ẹni tí wọ́n ní ó sọ ọ́, tí onítọ̀hún ń wo ẹnu mi bí ẹni tó ń gbọ́ ìtàn ẹlòmíràn.

Èkó ṣòfin lórí ẹ̀ ní 2007: kí wọ́n ká ẹni tó bá ń jẹ́wọ́ sí fídíò, tàbí kí lọ́yà wà níbẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ náà ṣe ACJA, òfin bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn, ní 2015: kí lọ́yà wà níbẹ̀, tàbí ẹni Legal Aid, tàbí ẹnikẹ́ni tí ẹni tí wọ́n mú bá yàn, kí wọ́n sì lè ká a sí fídíò tó bá ń jẹ́wọ́. Ọlọ́pàá máa ń sọ pé "lè" ni òfin wí, kò wí pé "gbọ́dọ̀". Nítorí náà, ẹ̀yin ẹbí, ẹ tètè dé tẹ́ṣàn. Òfin ilẹ̀ wa fàyè gbà á kéèyàn panu mọ́ títí yóò fi rí lọ́yà tàbí ẹni tó bá yàn.

Kò sì yẹ ká gbàgbé Nasiru Bello. Wọ́n dájọ́ ikú fún un nípìnlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, wọn ò tíì gbọ́ ọ tí wọ́n fi pa á ní 1981. Ní 1986 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ẹbí ẹ̀ láre. Ó ṣì ń dùn mí.

Ọmọ Ṣakí:
Ní tèmi, èmi nìkan ni wọ́n mú jáde síwájú obìnrin tí wọ́n jà lólè. Wọn ò to èèyàn kankan tì mí. "Ṣé òun nìyí?" Bó bá ní "bẹ́ẹ̀ ni", ó tán. Ó wò mí, ó ní òkùnkùn ni, òun ò rí ojú ẹni náà. Mo ń gbàdúrà fún un dòní. Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé wọ́n fún àbúrò yín ní nǹkan kan lẹ́yìn tó jáde?

Ìyá Ìbejì:
Rárá, àbúrò mi. Ó ti padà sídìí táyà. Bá a bá dé báńkì báyìí tí wọ́n ní kó tẹ̀ka, á ti ìwé náà sọ́dọ̀ mi, á ní kí n kọ́kọ́ kà á sí òun létí ní Yorùbá, látòkè délẹ̀.